Ta ni Wop May ní tòótọ́, iṣẹ́ wo nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì yẹ kí a fi máa rántí rẹ̀?

Arìnnà-Àríwá béèrè pé:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi tí ẹ fẹ́ràn ìtàn. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá nípa Wilfrid Reid May, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Wop May, ọ̀kan lára àwọn awakọ̀ òfurufú tí wọ́n kọ́kọ́ la ọ̀nà ojú sánmà sí àríwá Kánádà. Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á tó ni ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ń rú mi lójú, nítorí pé ìtàn tí àwọn ènìyàn máa ń sọ jù nípa rẹ̀ kì í ṣe ìtàn àríwá rárá.

Èyí tí mo mọ̀ rèé. Wọ́n bí i ní Carberry, ní ìpínlẹ̀ Manitoba, ní oṣù kẹta ọdún 1896, àwọn òbí rẹ̀ sì kó lọ sí Edmonton nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọdé. Ìbátan rẹ̀ kékeré kan tí kò lè pe Wilfrid délẹ̀ ni ó fún un ní orúkọ ìnagijẹ náà, ó sì mọ́ ọn lára títí ó fi kú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1918, Manfred von Richthofen, jagunjagun òfurufú Jámánì tí wọ́n ń pè ní Báróònì Pupa, gbá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ní òkè odò Somme ní ilẹ̀ Faransé. Ìbọn May ti há, ó sì ń sá lọ ní ìsàlẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ẹsẹ̀ bàálù rẹ̀ gbálẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Roy Brown, tí àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwé kan náà ní Edmonton, sáré wá gbà á sílẹ̀, ọjọ́ náà ni Richthofen sì kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ là yé mi ni pé, bí a bá gbé ọ̀rọ̀ Báróònì Pupa sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ni ọkùnrin yìí ṣe ní àríwá tí orúkọ rẹ̀ fi gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, débi pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi orúkọ rẹ̀ pe òkúta kan ní orí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ní ọdún 2004? Ìkejì ni pé, báwo ni ènìyàn ṣe ń wa bàálù ní ibi tí òtútù ti ń lọ sí ìwọ̀n 40 ní ìsàlẹ̀ òdo, láìsí rédíò, láìsí àwòrán ilẹ̀ tí ó pé, tí kò sì sí pápákọ̀ òfurufú kankan níwájú tàbí lẹ́yìn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ṣe kúkúrú fún mi.

Olùkọ́-Ìtàn fèsì pé:

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ọ̀rọ̀ Báróònì Pupa dùn-ún sọ, èmi náà ti fi dá àwọn ọmọ kíláàsì mi lára yá rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹni tí wọ́n ń lé ni May jẹ́ ní ọjọ́ náà, kì í ṣe òun ni ó ṣe iṣẹ́ akin. Àwọn aláṣẹ fi ìṣẹ́gun náà fún Brown, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti tún àkọsílẹ̀ ọgbẹ́ Richthofen yẹ̀ wò gbà pé ọta ìbọn àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà tí wọ́n wà ní ilẹ̀ ni ó bá a. May fúnra rẹ̀ jagun títí ogun fi parí, wọ́n ka bàálù ọ̀tá 13 sí i lọ́rùn, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Distinguished Flying Cross. Gbogbo èyí dára, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n ti ojú ogun bẹ́ẹ̀ dé tí a kò gbọ́ nípa wọn mọ́. Ìgbésí ayé tí ó jẹ́ ti May gan-an bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1919, nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Court yá bàálù Curtiss kan tí ó jẹ́ ti ìlú Edmonton, tí wọ́n sì fi dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí a lè fi bàálù ṣe nígbà náà ju kí a fi dá àwọn ènìyàn lára yá lọ. May gbé olórí ìlú Edmonton gba abẹ́ afárá gíga ìlú náà kọjá kí olórí ìlú lè ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ibi ìdíje. Ní ọdún kan náà, ó gbé ọlọ́pàá kan lọ sí Edson láti lépa ẹni tí wọ́n fura sí pé ó pànìyàn, ẹ fi èyí sọ́kàn nítorí pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yóò tún padà wá. Nígbà tí wọ́n rí epo rọ̀bì lẹ́bàá odò Mackenzie ní ọdún 1920, ilé iṣẹ́ Imperial Oil ra bàálù Junkers méjì tí a fi irin ṣe, May àti George Gorman ni wọ́n sì wà wọ́n láti New York dé Edmonton ní àárín gbùngbùn ìgbà òtútù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn bàálù méjì yìí lẹ́yìn náà yẹ ní sísọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé May kò sí níbẹ̀. Gorman àti Elmer Fullerton wà wọ́n lọ sí ìhà òkè odò náà ní oṣù kẹta ọdún 1921, ṣùgbọ́n ní Fort Simpson, abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù fọ́ nígbà tí wọ́n ń balẹ̀, kò sì sí òmíràn nítòsí. Walter Johnson, káfíńtà kan tí ó wà níbẹ̀, àti Bill Hill tí ó jẹ́ mẹkáníìkì wọn, kó pákó líle tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ orí yìnyín jọ, wọ́n fi lẹ́ẹ̀ tí wọ́n sè láti ara awọ ẹranko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní múùsì lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní ìpele ìpele, wọ́n sì fi ọwọ́ gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ tuntun jáde láti inú rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ náà ni ó gbé bàálù padà sí Peace River. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ irú ayé tí May yàn láti máa gbé, kí ó ro iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọkùnrin méjì yìí dáadáa.

Owó kò wọlé, ilé iṣẹ́ May àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dàrú. Wop fẹ́ Violet Bode ní ọdún 1924, ó sì lọ bá ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́jà fi ń ka owó ṣiṣẹ́ ní Dayton, ní Ohio. Ibẹ̀ ni èérún irin ti fò láti ara ẹ̀rọ bọ́ sí i lójú. Ojú náà ń kú díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ síwájú yìí, ẹni tí ojú rẹ̀ kan ti ní àbùkù ni ó ṣe é.

Ìgbà tí ó padà sí Edmonton ni ìpè dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1928, àìsàn dìfitíríà pa ènìyàn kan ní Little Red River, dókítà tí ó wà ní Fort Vermilion sì rí i pé bí ó bá ràn mọ́ àwọn ará àgbègbè náà, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, kò ní oògùn tí ó tó. Kò sí wáyà ní gbogbo àdúgbò náà. Àwọn ìránṣẹ́ ní láti fi ọkọ̀ orí yìnyín gbé ìwé rẹ̀ gba inú igbó dé Peace River, níbi tí wọ́n ti lè tẹ wáyà sí Edmonton, ìrìn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà Malcolm Bow, tí ó jẹ́ igbákejì mínísítà ètò ìlera ní Alberta, pe May.

Bàálù tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ Avro Avian kékeré kan, tí kò ní òrùlé, tí ó ní táyà lábẹ́ dípò síkì tí a fi ń balẹ̀ lórí yìnyín. May àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Vic Horner gbéra ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1929. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì di oògùn náà, wọ́n sì fi ohun ìmúgbóná eléèédú kan sí i kí ó má baà dì. Ohun ìmúgbóná náà ràn mọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀run, wọ́n sì ní láti pa iná nínú bàálù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n sun McLennan ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ó sì di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n balẹ̀ sí Fort Vermilion, ìrìn tí ó lé ní 550 kìlómítà bí ẹyẹ ṣe ń fò. Nígbà tí wọ́n padà dé Edmonton ní ọjọ́ 6, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń dúró dè wọ́n ní pápákọ̀ òfurufú Blatchford, òtútù sì ti jẹ wọ́n lójú àti lọ́wọ́ débi pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ kí wọ́n tó lè sọ̀ kalẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ìgboyà nìkan ni ó mú kí ìrìn náà ṣe pàtàkì. Ìwé tí ó béèrè fún oògùn lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́nà, oògùn náà fúnra rẹ̀ lo ọjọ́ méjì. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí ó tún lè bá àwọn ará àríwá jiyàn pé ohun ìṣeré ni bàálù.

Nọ́ọ̀sì-Àgbà fèsì pé:

Olùkọ́, ẹ kú àlàyé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ àrùn náà ni n ó bá yín dá sí, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ dìfitíríà lè rò pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kàn fẹ́ gba orúkọ ni.

Ọ̀fun ni kòkòrò àrùn náà máa ń gúnlẹ̀ sí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, awọ kan tí ó nípọn, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bákan láàárín funfun àti dúdú, yóò hù bo ẹ̀yìn ọ̀fun, ọrùn yóò wú, mímí yóò sì di ogun fún ọmọdé. Èyí tí ojú ń rí nìyẹn. Èyí tí ojú kò rí ni ó burú jù, ìyẹn oró tí kòkòrò náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí í máa ba ọkàn àti àwọn iṣan jẹ́, tí aláìsàn lè kú lójijì nígbà tí a bá rò pé ó ti ń gbádùn. Oògùn tí May gbé lọ kì í pa kòkòrò. Inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti ń yọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ká oró náà lọ́wọ́ kò nígbà tí ó ṣì ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó bá ti wọ inú ẹran ara lọ, oògùn náà kò lè fà á yọ mọ́. Ìdí nìyí tí ọjọ́ kan péré fi lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí yóò yè àti ẹni tí yóò kú, òun náà sì ni ìdí tí wọ́n fi ń fi iná eléèédú ṣeré nínú bàálù onípákó àti aláṣọ, nítorí pé bí oògùn náà bá dì, ó lè bàjẹ́, wọn ì bá sì ti rìn lásán.

Ẹ má rò pé ìtàn àtijọ́ ni. Láti òpin ọdún 2022 ni dìfitíríà ti tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà níbí, ní Kánò ni ó ti pọ̀ jù, ní ọdún 2023 ni oògùn kan náà yìí sì ṣọ̀wọ́n káàkiri àgbáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́, ẹ rí i pé wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Mo padà sí ọ̀rọ̀ May. Ohun kan wà tí ó máa ń dùn mí nínú bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà: àwọn tí wọ́n gbé ìwé dókítà gba inú yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹnikẹ́ni kò jáde lọ pàdé wọn ní pápá kankan. Láìsí ìrìn tiwọn, May kò ní mọ̀ pé àìsàn kankan wà níbẹ̀.

Ẹnjinníà-Bàálù fèsì pé:

Òótọ́ ni ìyá wa sọ, àwọn mẹkáníìkì náà wà nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kejì ni ẹ jẹ́ kí n mú, nítorí pé iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni ìtọ́jú bàálù.

Nínú òtútù àríwá, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń dì bí epo pupa ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ́ńjìnnì tí irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ kò ní yí láéláé. Nítorí náà, bí bàálù bá ti balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì ń ṣe, kí ó tó wá oúnjẹ, kí ó tó wá ibi tí yóò sùn, ni pé kí ó fa ọ́ìlì náà jáde nígbà tí ó ṣì gbóná, kí ó gbé e wọ inú àgọ́ tàbí inú ilé. Yóò gé igi tẹ́ sábẹ́ síkì kí ó má baà lẹ̀ mọ́ yìnyín di àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, yóò jí, yóò da tapólì bo imú bàálù títí dé ilẹ̀, yóò sì gbé sítóòfù oníná ńlá kan sí abẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò jókòó sínú tapólì náà, nínú òórùn bẹtiróòlù, pẹ̀lú ohun ìpaná ní ọwọ́. Bí ó bá tòògbé, iná lè gba tapólì, bàálù a sì jóná ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò gbé ọ́ìlì ka orí iná kí ó gbóná, yóò dà á padà, yóò gbá yìnyín kúrò lórí ìyẹ́ bàálù, ìgbà náà ni wọn yóò tó gbìyànjú láti ṣíná. Bí kò bá ṣí, gbogbo rẹ̀ di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ojúmọ́ kò sì gùn ní ìgbà òtútù níbẹ̀. Wákàtí tí ẹ bá fi jà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, wákàtí tí ẹ kò ní rí fò nìyẹn.

Ní ti ọ̀nà, odò ni ọ̀nà wọn. Kọ́ḿpáàsì kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbọ́kàn lé pátápátá níbẹ̀, nítorí pé orígun tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí kò jìnnà mọ́, kò sì sí ní ibì kan náà pẹ̀lú orígun ayé gan-an. Awakọ̀ a tẹ̀ lé odò Athabasca, yóò bọ́ sí odò Slave, yóò gba adágún Great Slave kọjá, yóò wá dì mọ́ Mackenzie títí dé ẹnu òkun. Bàálù a máa wọ síkì ní ìgbà òtútù, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa wọ ohun tí ó fi ń léfòó lórí omi. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà láàárín méjèèjì, nígbà tí odò ń dì àti nígbà tí ó ń tú, tí kò sí èyí tí a lè lò nínú wọn, gbogbo ilẹ̀ náà a sì wà ní títì pa. Síbẹ̀, ìbalẹ̀ ni ó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá funfun, tí ilẹ̀ náà funfun, tí kò sí òjìji kankan, awakọ̀ kò ní mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni ó kù tàbí ọgọ́rùn-ún, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ju ẹ̀ka igi sílẹ̀ kí ojú wọn lè ní ohun tí yóò mú. Ẹ wá ronú ẹni tí ojú kan ń ṣe àìsàn ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Èmi kò mọ bí wọn ì bá ṣe fún un ní ìwé àṣẹ lónìí.

Nípa iṣẹ́ tí ó yẹ kí a fi rántí rẹ̀, n kò gbà pẹ̀lú Olùkọ́ tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìrìn Fort Vermilion. Lẹ́yìn rẹ̀, May, Horner àti Cy Becker jọ ṣe ilé iṣẹ́ Commercial Airways, wọ́n gba iṣẹ́ lẹ́tà ìjọba, ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1929 ni wọ́n sì gbéra ní Fort McMurray pẹ̀lú ẹrù lẹ́tà ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn tí ń kó sítáǹbù jọ. Wọ́n ń balẹ̀ ní abúlé kan tẹ̀ lé òmíràn títí wọ́n fi dé Aklavik, abúlé kan nítòsí ẹnu odò Mackenzie, ní ọjọ́ 26, ìrìn tí ó lé ní 2,000 kìlómítà bí a bá tẹ̀ lé odò. Ṣáájú àkókò yìí, ẹni tí ó wà ní Aklavik lè fi oṣù púpọ̀ retí èsì lẹ́tà kan. Ohun tí ó wù mí ní ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni pé ẹ̀ẹ̀kan kò tó; ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, ẹ óò tún gbéra, bóyá àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ tàbí wọn kò pàtẹ́wọ́. Ọdún náà ni wọ́n fi Trans-Canada Trophy, ẹ̀bùn ìdálọ́lá fún iṣẹ́ òfurufú ní Kánádà, dá a lọ́lá fún.

Akọ̀wé-Òtítọ́ fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, kí a má gba ti ẹlòmíràn fún May. Clennell Dickins, tí wọ́n ń pè ní Punch, tí òun náà dàgbà ní Edmonton, tí òun náà sì gba Distinguished Flying Cross ní ogun kan náà, ti fi bàálù dé Aklavik ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1929, oṣù márùn-ún ṣáájú ìrìn lẹ́tà tí Ẹnjinníà sọ. Ní ọdún 1928, ó ti gba orí aṣálẹ̀ tútù tí kò ní igi kọjá, níbi tí awakọ̀ kankan kò tíì dé rí. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹni tí ó kọ́kọ́ dé, Dickins ni kí a máa sọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ Albert Johnson, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Àwọn kan ka ọdẹ tí wọ́n fi bàálù ṣe fún ọkùnrin yìí ní ọdún 1932 sí iṣẹ́ May tí ó tóbi jù. Ó máa ń ni mí lára bí mo bá ń kà á. Ọkùnrin kan ṣoṣo, nínú yìnyín, tí ẹ̀rọ ń wá kiri láti òkè. Kí ni Olùkọ́ wí sí i?

Olùkọ́-Ìtàn tún fèsì pé:

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí Dickins láìsí àníàní, ó sì dára bí ẹ ṣe sọ ọ́.

Ní ti Johnson, ẹ jẹ́ kí n tò ó bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé wọ́n ti fi àsọdùn bò ó. Àjèjì kan tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ gan-an títí di òní kọ́ ilé igi sí ẹ̀bá odò Rat. Ní ìparí ọdún 1931, ẹ̀sùn tí ó jẹ mọ́ tákúté ọdẹ gbé àwọn ọlọ́pàá wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì yìnbọn fún Alfred King láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ King, tí Lazarus Sittichinli, ọmọ ìbílẹ̀ Gwich'in ní àríwá, wà lára wọn, fi ọkọ̀ tí ajá ń fà gbé e sáré dé Aklavik, kò sì kú. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1932, Johnson pa ọlọ́pàá Edgar Millen, ó sì gun òkè Richardson kọjá nínú ìjì, ohun tí àwọn tí wọ́n mọ ilẹ̀ náà sọ pé kò ṣeé ṣe. Ajá kò lè kó oúnjẹ tí ó tó fún àwọn tí ń lépa rẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí May, tí òun àti mẹkáníìkì rẹ̀ Jack Bowen gbé bàálù Bellanca wá.

Ipa iṣẹ́ rẹ̀ tóbi jù ní ti kíkó ẹrù àti wíwo ipasẹ̀. Johnson gbọ́n, ó ń rìn nínú ipasẹ̀ agbo ẹranko karibú lórí odò Eagle tí ó ti dì kí ipasẹ̀ tirẹ̀ lè sọnù sínú ti ẹranko, ṣùgbọ́n láti òkè, May rí ibi tí ipasẹ̀ ènìyàn ti yà kúrò láàárín ti agbo. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì, àwọn tí wọ́n wà ní ilẹ̀ bá a, ó yìnbọn bá Earl Hersey tí ó jẹ́ ọmọ ogun, wọ́n sì pa á. May ń yí ká lókè nígbà náà. Ó balẹ̀, wọ́n gbé Hersey tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú àyà rẹ̀ wọlé, ó sì gbé e la àárín òkè kọjá dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Aklavik ní ọjọ́ náà gan-an. Hersey yè.

Nítorí náà, mo mọ ohun tí ó ń ni yín lára, kò sì jẹ́ kí èmi náà lè fi ọdẹ náà ṣe àjọyọ̀. Apá tí mo dì mú nínú rẹ̀ ni gbígbé Hersey. Ẹ wo bí ó ṣe bá Fort Vermilion mu, ẹ sì wo bí ó ṣe bá èyí tí ó kẹ́yìn mu, èyí tí ìbéèrè Arìnnà-Àríwá kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi May ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Edmonton tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa tọ́ bàálù ogun sọ́nà. Àwọn bàálù Amẹ́ríkà ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Alaska láìdáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ sì ń já sínú igbó. May rí i pé wọ́n lè rí bàálù tí ó já láti òkè, wọ́n tilẹ̀ lè rí i pé ènìyàn ń juwọ́ sí wọn, kí ó sì gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ṣa àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan jọ, wọ́n rán díẹ̀ nínú wọn lọ sí Missoula ní ìpínlẹ̀ Montana, sọ́dọ̀ àwọn panápaná igbó tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń fi páráṣúùtì bọ́ sáàárín igi, wọ́n sì padà wá di ẹgbẹ́ tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run pẹ̀lú oògùn láti tọ́jú ẹni tí ó fara pa. Ìjọba Amẹ́ríkà fún May ní Medal of Freedom ní ọdún 1947 nítorí iṣẹ́ yìí, ẹgbẹ́ ológun òfurufú Kánádà sì sọ ọ́ di ètò tiwọn. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1952, níbi tí òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń gun òkè ní ìpínlẹ̀ Utah.

Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan, ẹgbẹ́ agbẹ̀mílà yìí ni n ó mú, ṣáájú Fort Vermilion pàápàá. Ní 1929 òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ. Ní ìgbà ogun ó ṣètò rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè máa lọ nígbà tí òun kò bá sí.

Ẹnjinníà-Bàálù tún fèsì pé:

Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín wọlé, ṣùgbọ́n n kò tíì kúrò lórí lẹ́tà. Ẹgbẹ́ tí ẹ sọ kò lè dúró bí kò bá sí àwọn ibi tí wọ́n ti tò bẹtiróòlù sí, àti àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ òtútù, àti àwọn awakọ̀ tí wọ́n mọ gbogbo ẹsẹ̀ odò, ìrìn lẹ́tà ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ ni ó sì kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀. Arìnnà-Àríwá, ẹ̀yin ni ẹ ni ìbéèrè, ẹ ka ti gbogbo wa kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ fì sí.